Wágọ́ọ̀nù Kan Tó Mọ́ Láàárín Mẹ́wàá

Bí àlejò bá wọ Ìdí-Ọsàn, tó sì gbọ́ tí àgbàlagbà kan sọ pé, "Wágọ́ọ̀nù kan kì í dédé mọ́ láàárín mẹ́wàá," ọ̀rọ̀ náà á kọ́kọ́ rú u lójú. Wágọ́ọ̀nù ni àwa tí a ń gbé ẹ̀bá ojú irin ń pe àgọ́ ńlá tí ọkọ̀ rélùwéè fi ń kó ẹrù. Àlejò á ní, ṣé ìmọ́tótó ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni? Níbi púpọ̀, ẹni tó mọ́ láàárín àwọn tó dọ̀tí ni wọ́n ń yìn. Lọ́dọ̀ tiwa, òun gan-an ni a máa ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Bí ìyá kan bá lọ wo ìdílé tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ sí, tó rí i pé gbogbo ilé ń bínú bí èèyàn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí èèyàn, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ń rẹ́rìn-ín ṣáá láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, á dé ilé, á sọ fún ọkọ rẹ̀ pé òun rí wágọ́ọ̀nù kan níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ á sì mọ ohun tó ń wí.

Mo ti jókòó ti àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ yìí.

Nígbà tí ọkọ̀ màlúù ṣì ń ti òkè Ọya wá, ọkùnrin kan wà ní Ìdí-Ọsàn tó ń jẹ́ Ọláìtán. Gáàdì ni. Gáàdì ni ẹni tó ń jókòó sí àgọ́ ìkẹyìn, tí bíréèkì ọwọ́ wà níwájú rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó gbéra, òun ni yóò fi ẹsẹ̀ rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí yóò máa yẹ ìkọ́ tó so wágọ́ọ̀nù mọ́ra wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ màlúù oníwágọ́ọ̀nù mẹ́wàá gbéra ní sítéṣọ̀n wa, Ọláìtán sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, ìkọ́ kan já láàárín wágọ́ọ̀nù keje àti ìkẹjọ. Mẹ́ta tó kẹ́yìn àti àgọ́ gáàdì yí padà sísàlẹ̀, Ọláìtán ń fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ bíréèkì títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó, ṣùgbọ́n ẹrù wúwo ju bíréèkì lọ. Níbi tí ojú irin ti tẹ̀ ni wọ́n dojú dé sí. Èèyàn kankan ò kú. Màlúù mẹ́rìnlélógójì ló kú, ẹsẹ̀ òsì Ọláìtán sì kán.

Àwọn ọ̀gá jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní gáàdì ò yẹ ìkọ́ wò kó tó gbéra, wọ́n ní oorun ló ń sùn nínú àgọ́ rẹ̀. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ará ìlú ò bá wọn jiyàn, nítorí pé odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ẹran màlúù fi wà nínú ìkòkò gbogbo ilé, ẹnu tó ń jẹ ẹran kì í sì í béèrè bí màlúù ṣe kú. Orin ni wọ́n fi jẹ ẹ́:

Gáàdì sùn, màlúù bọ́,
Ẹ gbé ìkòkò wá.

Ogójì ọdún ni àwọn ọmọ fi ń fi orin yẹn fo okùn. Ọláìtán di Gáàdì Asùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Adùnọlá, di Ọmọ Asùn. Nígbà tí Adùnọlá kọ́ṣẹ́ télọ̀ tó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù, bí èèyàn bá gbé aṣọ wá, wọn á ní kó jọ̀ọ́, kó má sùn lé e. Á rẹ́rìn-ín, á wọn èèyàn náà, á kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Kì í ṣe obìnrin tó ń fa ọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, sítéṣọ̀n pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọkọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kọjá mọ́, àwọn ìgbìmọ̀ ìlú wá ní kí wọ́n sọ yàrá tí àwọn èrò ti máa ń dúró de ọkọ̀ di ilé ìrántí. Olóyè Adéwùsì, tó jẹ́ alága, ní kí wọ́n ṣe ọkọ̀ màlúù ọjọ́ náà ní kékeré, kí wọ́n gbé e sínú àpótí onígíláàsì, nítorí pé òun ni ọkọ̀ kan ṣoṣo tí gbogbo ìlú ní ìtàn rẹ̀ lẹ́nu. Ó ti kọ ohun tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ àpótí náà sílẹ̀: "Ọkọ̀ màlúù tí gáàdì sùn lé, tó sì dojú dé."

Adùnọlá gbọ́. Orin máa ń rẹ ẹnu, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá kọ sẹ́yìn gíláàsì, ọmọ tí wọn ò tíì bí á dé ibẹ̀, á kà á. Bàbá rẹ̀ sì ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ó lọ bẹ Olóyè Adéwùsì. Olóyè ò bú u. Ó ní ìtàn ni ìtàn, a kì í fi àánú kọ ọ́. Ó wá bi í pé, "Bí a ò bá kọ ìyẹn, kí ni kí a wá kọ?"

Adùnọlá ò rí èsì fọ̀. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó lọ.

Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọkọ̀ náà fún ni Oyèníran. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kun wágọ́ọ̀nù ní ilé-iṣẹ́ rélùwéè kó tó fẹ̀yìntì, kò sì sẹ́ni tó ń bá a du ipò. Ìwé ọ̀dà ilé-iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dòní, èyí tó sọ irú pupa tó yẹ wágọ́ọ̀nù màlúù, ibi tí nọ́ńbà yóò wà, bí àlàfo àárín nọ́ńbà yóò ṣe tó. Ó gbẹ́ ara wágọ́ọ̀nù láti inú igi ọ̀mọ̀, ìkọ̀ọ̀kan gùn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì. Agolo mílíìkì ló gé ṣe ìlẹ̀kùn wọn, ìlẹ̀kùn náà sì ń ṣí, ó ń padé. Wáyà kẹ̀kẹ́ ló fi ṣe irin ẹsẹ̀. Irun etí ewúrẹ́ mẹ́ta péré ló dì papọ̀ ṣe búrọ́ọ̀ṣì tó fi kọ nọ́ńbà. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀kíní, ó fi sáńpépà hó o, ó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó hó o, ó tún kùn ún. Ó máa ń fọ́nnu pé bí eṣinṣin bá bà lé ọ̀dà òun, yíyọ̀ ni yóò yọ̀.

Nígbà tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá parí, ó tò wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kí aráyé wá wò ó. Gbogbo wọn ń dán bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òrí pa. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún un. Adùnọlá náà yà nígbà tó ń ti ọjà òwú bọ̀.

Oyèníran rí i, ó ní, "Adùnọlá, wá wo ọkọ̀ bàbá rẹ. Má fọwọ́ kàn án o, kí oorun má baà ràn án."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Adùnọlá kúnlẹ̀ kí i, ó wo ọkọ̀ náà láti orí dé ìdí, ó tún un wò.

"Ọkọ̀ yìí mọ́ jù, sà."

"Ó mọ́ jù bí i báwo?"

"Ọkọ̀ màlúù ni, sà. Èmi ni mo gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìgbẹ́ màlúù ń ṣàn jáde lábẹ́ ìlẹ̀kùn wọn. Ẹfun tí wọ́n fi ń fọ inú rẹ̀ kí àrùn má baà ràn ti kán sára rẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ. Gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ló mọ́."

Oyèníran wo àwọn tó wà níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Láti ìgbà wo ni télọ̀ ti ń kọ́ ọlọ́dà níṣẹ́? Ṣé mo ti sọ fún ọ rí bí wọ́n ṣe ń ran bọ́tìnì?"

"Rárá o, sà," ni Adùnọlá wí. "Ẹ má bínú. Ẹyọ kan ṣoṣo ló mọ́."

Ó gbé òwú rẹ̀, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Oyèníran lára ju bó ṣe fi hàn lọ. Kò sí ọlọ́dà tó gbádùn kí wọ́n sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ kò jọ ohun tó fẹ́ jọ. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Adùnọlá tún dé, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ìdì aṣọ kan ni Adùnọlá gbé lọ́wọ́. Ó tú u. Kóòtù kákí ni, kóòtù gáàdì, èyí tí bàbá rẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ apá ọ̀tún, ọ̀dà pupa gùn lọ lórí rẹ̀.

"Ìyá mi fọ ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀dà lára ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà," ni Adùnọlá wí. "Ẹ̀jẹ̀ jáde. Ọ̀dà kọ̀."

Oyèníran gbé kóòtù náà lọ síbi tí oòrùn wà. Ó fi èékánná ha ọ̀dà náà díẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà nínú agolo rẹ̀. Pupa wágọ́ọ̀nù màlúù ni, kò sí iyè méjì. Ó mọ̀ ọ́n bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé ọ̀dà tó ti gbẹ kì í ràn mọ́ aṣọ. Tútù ni ọ̀dà náà láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ gbéra.

Ó bi Adùnọlá bóyá apá kóòtù nìkan ni ọ̀dà kàn. Adùnọlá ní rárá. Ó ní nígbà tí òun gbé ẹ̀kọ dé ọ̀dọ̀ bàbá òun, inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pupa rokoso, òun ò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan oúnjẹ. Òun ni òun da kẹrosíìnì sí i lọ́wọ́ láti inú àtùpà gáàdì, tó fi fọ̀ ọ́ kó tó jẹun.

"Inú àtẹ́lẹwọ́?"

"Inú àtẹ́lẹwọ́, sà."

Oyèníran gbé kóòtù sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó wọlé, ó bọ́ ṣòkòtò iṣẹ́, ó wọ agbádá, ó gba ilé Ọláìtán lọ. Ilé mẹ́rin péré ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n kò tíì wọ ibẹ̀ láti ogójì ọdún. Òun náà jẹ nínú ẹran yẹn. Òun náà kọ orin.

Ó bá Ọláìtán lórí ìjókòó lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ, ẹsẹ̀ tó kán náà nà síwájú rẹ̀. Ó kí i. Ọláìtán dá a lóhùn, ó sì ní kí wọ́n gbé àga fún un, bí ẹni pé àná ni wọ́n ríra kẹ́yìn. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún. Lẹ́yìn náà ni Oyèníran ní kó jọ̀ọ́, báwo ni gáàdì ṣe ń yẹ ìkọ́ wò.

Ọláìtán ò bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó ṣe bí ẹni ti ọwọ́ bọ abẹ́ nǹkan, ó fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. "Báyìí ni. O máa gbé e sínú ọwọ́, o máa fà á."

"Ọjọ́ yẹn ńkọ́, ọ̀dà kàn yín lọ́wọ́?"

"Ó kàn mí. Níbi ìkẹjọ." Ọláìtán sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ sórí itan. "Mo ní ó dára, wọ́n tún un ṣe."

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oyèníran dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dìde. Òfin kan wà ní ilé-iṣẹ́ tí ọmọ iṣẹ́ máa ń kọ́ ní ọjọ́ kìíní, kí wọ́n tó fún un ní búrọ́ọ̀ṣì rárá: kun gbogbo ara wágọ́ọ̀nù, má kun ìkọ́. Òróró lásán ni wọ́n ń fi pa ìkọ́, kí ojú lè rí i bó bá sán. Ọ̀dà a máa bo ibi tó sán. Ẹni tó bá kun ìkọ́, ilé ló ń lọ lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀dà bá wà nínú àtẹ́lẹwọ́ Ọláìtán, a jẹ́ pé ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìkọ́, ó yẹ̀ ẹ́ wò. A sì jẹ́ pé ẹnì kan ti kun ohun tí a kì í kùn.

Oyèníran dé ilé, ó jókòó ti ọkọ̀ rẹ̀ tó ń dán. Ó ti kun mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bákan náà. Ìwé ọ̀dà ò ṣì í lọ́nà, ìwé sọ bí wágọ́ọ̀nù ṣe yẹ kó rí. Bó ṣe rí lọ́jọ́ náà ni kò sí nínú ìwé. Ní fífẹ́ tó fẹ́ kí ó mọ́, ó ti bá ẹni tó kun ìkọ́ náà nu ipasẹ̀ rẹ̀ nù.

Láti ọjọ́ kejì ni àwọn aládùúgbò ti ń sọ pé orí Oyèníran ti dàrú. Ó ń ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Ó kó ìṣó àtijọ́ jọ, ó ha ìpẹtà wọn sínú ọmọrí ìkòkò, ó fi gọ́ọ̀mù pò ó, ó ń fi orí abẹ́rẹ́ kán an sábẹ́ gbogbo ìdè irin ibi tí òjò máa ń gbà ṣàn. Ó fi eérú ra ojú ọ̀dà láti pa dídán rẹ̀. Ó po ẹfun, ó jẹ́ kó kán láti ojú ìlẹ̀kùn wá sísàlẹ̀. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ta ẹrẹ̀ sí ẹsẹ̀ wọn. Ó fi èédú kun orí èyí tó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí òun ni èéfín ń bà jùlọ. Adùnọlá ń yà níbẹ̀ lójoojúmọ́, á wò ó, á ní ìgbẹ́ màlúù kò tíì tó, Oyèníran á sì fi kún un láìjiyàn. Wọ́n ní omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó dé orí ẹ̀kẹta.

Mẹ́sàn-án ló bà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìkẹjọ, kò fọwọ́ kàn án, àfi pé ó gbé búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta, ó fi pupa kun ìkọ́ rẹ̀ kékeré.

Ó gbé ọkọ̀ náà lọ fún Olóyè Adéwùsì, ó ní àdéhùn kan ni òun ń fẹ́: kí wọ́n má lẹ ìwé kankan mọ́ àpótí títí àwọn èèyàn yóò fi wò ó tán. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́, òun á gbé ọkọ̀ òun padà sílé. Olóyè rò pé ìgbéraga ọlọ́dà ni. Ó gbà.

Ọjọ́ ṣíṣí ilé ìrántí pé. Sítéṣọ̀n kún. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kó wọlé, àwọn arúgbó onífìlà, ọ̀pá lọ́wọ́. Ọláìtán wà láàárín wọn. Adùnọlá ló bẹ̀ ẹ́ títí tó fi wá, tó sì wọ kóòtù kákí náà. Kò sẹ́ni tó wo ọkọ̀ náà tó yin ọ̀dà. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi: kí ló dé tí ẹyọ kan yìí fi mọ́? Àwọn tó mọ òfin ilé-iṣẹ́ ń tẹ̀ síwájú, wọ́n ń fi ojú wá ìkọ́ rẹ̀, bí wọ́n bá sì ti rí i, wọn á mi orí.

Bàbá kan wà tó ń jẹ́ Súmọ́nù, tó ti kun ọ̀dà nígbà náà ní yáàdì wa, níbi tí wọ́n ti ń to wágọ́ọ̀nù pọ̀. Nígbà tó kàn án, ó dúró síwájú àpótí pẹ́ títí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi ń kùn. Ó wo ìkẹjọ. Ó yíjú, ó rí apá kóòtù Ọláìtán. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, lórí sìmẹ́ńtì.

"Èmi ni," ó wí.

Wọ́n ní kí ló ń sọ. Ó sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ẹni tó ń yẹ wágọ́ọ̀nù wò ti fi ẹfun fa ìlà méjì tó dábùú ara wọn sára ìkẹjọ, tó túmọ̀ sí pé ìkọ́ rẹ̀ ti sán, kí ẹnikẹ́ni má gbé e rìn. Ṣùgbọ́n wágọ́ọ̀nù wọ́n lọ́sẹ̀ náà, màlúù sì ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìrí omi tó. Ọ̀gá yáàdì ìgbà náà, tó ti di olóògbé, ní kí òun kùn ún, àmì àti ìkọ́ pa pọ̀, ó ní sítéṣọ̀n iwájú ni wọn yóò ti pààrọ̀ ìkọ́ náà. Òun kùn ún ní ìdájí. Ọ̀dà ò tíì gbẹ tí wọ́n fi so ó mọ́ ọkọ̀.

"Mo gbọ́ orin yẹn lẹ́nu àwọn ọmọ mi," ni Súmọ́nù wí. "Mi ò dá wọn lẹ́kun."

Gbogbo wọn ń wo Ọláìtán, wọ́n ń dúró de èpè. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ìdí àpótí, ó ní kí Oyèníran bá òun ṣí i. Ó ti ìka kan bọ abẹ́ ìkọ́ kékeré náà, ó fà á díẹ̀.

"Mẹ́sàn-án yòókù dọ̀tí," ó wí. "Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ ìkọ́ wọn, mo tún un wò. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ èyí, mo fà á lẹ́ẹ̀kan, mo yìn ín, mo kọjá. Ogójì ọdún ni mo fi mọ̀ pé mi ò sùn. Ogójì ọdún náà ni mo fi mọ̀ pé mo yìn ín. Wágọ́ọ̀nù kan kì í dédé mọ́ láàárín mẹ́wàá. Èmi gáàdì ló yẹ kí n mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló wo Súmọ́nù nílẹ̀, ó sì na apá kóòtù rẹ̀ sí i kó fi dìde.

"Ọ̀dà rẹ dára, Súmọ́nù. Láti ọjọ́ náà, kò tíì ṣí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹnì kan sunkún, wọ́n gbé Súmọ́nù dìde.

Olóyè Adéwùsì mú ìwé tó ti kọ jáde nínú àpò, ó fà á ya. Ó yíjú sí Adùnọlá, ó tún bi í ní ìbéèrè tó ti bi í rí: kí ni kí wọ́n wá kọ? Lọ́tẹ̀ yìí, Adùnọlá rí èsì. Ó ní kí wọ́n kọ ohun tí bàbá òun sọ.

Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀ di òní, lábẹ́ gíláàsì, Oyèníran ló fi búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta kọ ọ́. Nítorí náà, bí o bá dé Ìdí-Ọsàn, tí gbogbo ẹnu ń sọ ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú àbùkù rẹ̀, tí ẹnu kan wá ń sọ tirẹ̀ geere láìní àbàwọ́n, má tètè yìn ín. Bẹ̀rẹ̀, wo abẹ́ ìkọ́. Wágọ́ọ̀nù kan kì í dédé mọ́ láàárín mẹ́wàá.